Iṣẹ́ gbé mi lọ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí: níbo ni kí n gbà ní Èkó tí omi ò ní lé mi jáde?

Ọmọ_Ọ̀fà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tipẹ́, òní ni mo fẹ́ dá sí i. Mo ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tó ń ṣètò ìwé ẹrù kọ̀ǹtẹ́nà. Àpápá ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kó lọ sí ẹ̀bá èbúté tuntun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Oṣù kìíní ni wọ́n ní kí n wọlé. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì la ń bọ̀ láti Ọ̀fà. Télọ̀ ni ìyàwó mi.

Ajẹ́ntì ń fi fọ́tò ilé ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Gbogbo ilé náà ló dára, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ló gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá ti dárúkọ Lẹ́kí fún, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo mọ odò wẹ̀.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé òjò Èkó ló pọ̀ jù ni, àbí gọ́tà ló dí, àbí ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò dáa? Lẹ́kí, Ajáh, Ìkòròdú, èwo ni kí n gbà níbẹ̀? Owó mi ò ká Victoria Island (VI), ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹ̀.

Ìsàlẹ̀Èkó_Lawá

Ẹ káàbọ̀ sí Èkó àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Ẹ pa fọ́tò ajẹ́ntì tì ná, ẹ ṣí máàpù.

Òkun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Iyanrìn tóóró kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, ó nà gbọọrọ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Orí ẹ̀ ni VI, Lẹ́kí, Ajáh àti Ìbẹ̀jú wà. Tí ẹ bá ti kọjá iyanrìn yẹn, ọ̀sà lẹ máa kàn. Òdìkejì ọ̀sà ni ilẹ̀ tó ga díẹ̀ wà: Yábà, Ìkẹjà, Àgége, Ìkòròdú, títí dé Ẹ̀pẹ́. Erékùṣù Èkó gan-an, níbi tí wọ́n bí mi sí, àárín omi ló wà. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, tiwa ni ilẹ̀ ẹ̀ kéré jù, bíi 3,577 kìlómítà níbùú lóròó, omi sì gba bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye èèyàn tó há sórí ìyókù, ẹ lọ dúró ní Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án Sátidé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Odò Ògùn tó gba Abẹ́òkúta kọjá, inú ọ̀sà wa ló ń dà sí. Odò Ọ̀ṣun gba ọ̀sà Lẹ́kí, òun náà á dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo àgbàrá Ṣómólú, Bàrígà àti Kétu, ọ̀sà náà ni. Ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀sà Èkó wá fi ń dà sínú òkun, ìyẹn ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Àpápá, láàárín Tarkwa Bay àti VI. Òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Bí òjò bá rọ̀ nígbà tí òkun ń kún, omi gọ́tà ò ní rí ibi gbà, á dúró títí òkun á fi fà. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò kan fi lè di odò láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ omi ti lọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́n ọn.

Màmá_Ìbejì_Ajáh

Àbúrò, wọ́n ti fi máàpù hàn ọ́, jẹ́ kí n sọ tinú ilé fún ọ. Ajáh ni mò ń gbé, ilé rẹ́ǹtì, ìsàlẹ̀ pátápátá.

Tó bá ti di oṣù kẹfà, mi ò kí ń sùn láìká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀. Firíìjì wa wà lórí búlọ́ọ̀kù méjì-méjì. Bátìrì ínfátà wà lórí tábìlì láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì sọ̀kalẹ̀. Ohun tí àwọn tí kò gbé ibí ò mọ̀ ni pé omi kì í sábà gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Inú balùwẹ̀ ló ti ń yọ. O máa gbọ́ tó ń dún gúlúgúlú lójú ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ, kó o tó gbé bàtà àwọn ọmọ sókè, ó ti dé pálọ̀. Omi ò jìnnà lábẹ́ ilẹ̀ níbí. Tí òjò bá fi lè rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta léra, kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ á kún, kò tún ní mu omi mọ́. Ìyókù, mi ò fẹ́ máa sọ ọ́ nígbà tí èèyàn lè máa jẹun lọ́wọ́.

Bọ́hóòlù ńkọ́? Omi ẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ó ń rùn bí irin. Tó o bá sún mọ́ etíkun, ó tún níyọ̀ pẹ̀lú. Béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó ní ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, má béèrè lọ́wọ́ ajẹ́ntì. Télọ̀ nìyàwó ẹ: kó má fi irú omi yẹn kan léèsì funfun oníbàárà o.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, mi ò ní kúrò níbí. Oúnjẹ ni mò ń tà fáwọn bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn tó ń gbé ṣọ́bìrì. Ilé tí wọ́n ń kọ́ láti Sàngótẹ́dó lọ sókè ò lè tán láyé ńbí, ebi á sì máa pa àwọn tó ń kọ́ ọ.

ỌmọÀgége_Tòótọ́

Hàhà! Omi inú balùwẹ̀! Ẹ̀yin ará Island, ẹ fowó ńlá ra ìyà. Ọmọ Ọ̀fà, máa bọ̀ ní Àgége. Ilẹ̀ wa ga, yẹ̀pẹ̀ pupa ni, omi ò mọ ojúlé wa.

Mushin_ÒṣùpáGbogbo

Ga níbo? Omi tó kúrò lórí ilẹ̀ gíga yín, ṣé ọ̀run ló ń lọ ni? Ọ̀dọ̀ àwa tó wà nísàlẹ̀ náà ni. Wá wo Ìdí-Àràbà lẹ́yìn òjò wákàtí méjì. Wá wo Orílé. Àwọn ará Ọ̀jọ́ta àti Máríláǹdì ń jẹ tiwọn lójú odò Ìyá Aláró. Àti pé láti Àgége dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lójoojúmọ́? Kí ọkùnrin yẹn kúkú máa sùn nínú dánfó.

Injinia_Ojú_Àgbàrá

Iṣẹ́ mi ni gọ́tà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé pàǹtí ló dí ojú omi. Pàǹtí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìjọba Èkó fòfin de àwo funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní oṣù kìíní 2024, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ kó gbogbo pàǹtí Lẹ́kí dànù lónìí, òjò ọ̀la á ṣì dúró.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Omi ò lè ṣàn nínú gọ́tà tí kò dàgẹ̀rẹ̀. Ká ní mo jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ ní mítà kan fún gbogbo mítà 500, èyí tí kì í ṣe ìdàgẹ̀rẹ̀ ńlá rárá. Kí gọ́tà yẹn tó rin kìlómítà kan, ó ti sọ̀kalẹ̀ mítà méjì. Ọ̀pọ̀ ibi ní Lẹ́kí ni kò sì fi mítà méjì ga ju òkun lọ. Tí mo bá ní kí n máa gbẹ́ ẹ lọ, ìsàlẹ̀ gọ́tà mi á kéré sí ojú ọ̀sà, omi ọ̀sà á sì gba inú ẹ̀ pa dà wá bá yín nílé. Nítorí náà, gọ́tà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ la ń ṣe. Omi á máa rọra wọ́ nínú ẹ̀, iyanrìn á jókòó sílẹ̀, ọ̀rá á wá rọ̀ mọ́ iyanrìn. Tẹ́ẹ bá wá rí ọ̀rá níbẹ̀, ẹ ní òun ló fa gbogbo ẹ̀.

Èkejì, irà. Ibi tí VI àti Lẹ́kí wà yìí, irà pọ̀ níbẹ̀. Irà ni omi òjò ń sinmi sí tẹ́lẹ̀ kó tó wọ ọ̀sà. A ti fi iyanrìn dí púpọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó kọ́lé lónìí á kún ilẹ̀ tiẹ̀ kó ga ju ti aládùúgbò lọ. Omi á kọrí sọ́dọ̀ aládùúgbò. Lọ́dún tó ń bọ̀, aládùúgbò á kún tiẹ̀. Títì á wá dúró sísàlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, gbogbo wa á máa wọ́dò kọjá.

Ọmọ Ọ̀fà, tẹ́ẹ bá ń wo ilé, ẹ dúró lórí títì kẹ́ẹ wo ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Tó bá rẹlẹ̀ ju títì lọ, ẹ máa lọ ilé yín, ẹ má wulẹ̀ wo yàrá. Ẹ wo fẹ́ńsì níta: tí ọ̀dà bá ń ṣí kúlẹ̀kúlẹ̀ títí dé orúnkún tí òkè ẹ̀ sì wà dáadáa, ibi tí omi ń dé nìyẹn. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, ẹ wo ti ilé kejì. Lẹ́yìn náà ẹ bá fọkanáísà tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò sọ̀rọ̀. Òun ló ń rí mọ́tò tó kú sómi, kò sì sí ohun tó máa rí gbà nínú rẹ́ǹtì yín.

Ọmọ_Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n Injinia, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wo fọ́tò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀dà tuntun wà lára fẹ́ńsì méjì.

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà mà. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ajẹ́ntì ní ọ̀sẹ̀ yìí lòun ya àwọn fọ́tò náà, mo sì rò pé àsìkò òjò la wà.

Olùkọ́_Ojúọjọ́

Kò purọ́ fún yín, àmọ́ ó mọ ọjọ́ tó yẹ kó ya fọ́tò. Inú oṣù kẹjọ la wà.

Òjò Èkó máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí kẹrin, ó ń le sí i títí dé oṣù kẹfà, tó jẹ́ òun ni bàbá gbogbo wọn. Oṣù kẹfà nìkan lè gba ju 300 mìlímítà lọ, nígbà tó jẹ́ pé ti ọdún kan gbáko jẹ́ bíi 1,500 sí 1,800. Tó bá wá di ìparí oṣù keje sí oṣù kẹjọ, òjò á dákẹ́. Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ olómi tó ń ti orí òkun wá ti gbé òjò ẹ̀ lọ sókè, lọ sọ́dọ̀ àwọn Kánò àti Sókótó. Omi òkun etí ilẹ̀ wa náà á tutù, nítorí omi tútù ń ti ìsàlẹ̀ yọ sókè lásìkò yẹn, omi tútù kì í sì í jẹ́ kí ìkùukùu òjò gbára jọ dáadáa. Ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn á tutù, òjò ò ní rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, òjò ń pa dà bọ̀ láti òkè, á tún kọjá lórí wa. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ á sì bẹ̀ wá wò díẹ̀ ní oṣù kejìlá sí ìkíní. Tiwa kì í le tó ti Ìlọrin, òkun ò jẹ́.

Kì í ṣe iye òjò ọdún gan-an ló ń dá Èkó lóró, bó ṣe ń rọ̀ ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje 2011, ó ju 200 mìlímítà tó rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sí gọ́tà tí Injinia lè gbẹ́ tó máa gba ìyẹn.

Kí n fi ti òkun kún un, nítorí ẹni tó bá ń gbé Ìbẹ̀jú gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Iyanrìn etíkun wa kì í dúró lójú kan. Ìgbì ń gbá a láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní gbogbo ọjọ́ ayé. Nígbà kan, iyanrìn yìí máa ń dí ẹnu odò Èkó tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ńlá ò lè wọlé. Láti bí 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun lápá méjèèjì kí ẹnu náà lè jìn. Àpápá di èbúté ńlá. Ṣùgbọ́n òkúta tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn dá iyanrìn dúró. Tarkwa Bay àti etíkun tó tẹ̀ lé e ń sanra, Bar Beach ní òdìkejì ò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun wá ń jẹ ẹ́. Wọ́n da iyanrìn síbẹ̀ láìmọye ìgbà, òkun ń kó o lọ. Ní oṣù kẹjọ 2012, ìgbì ya wọ etíkun Kuramo, ó gba ẹ̀mí.

Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ibi tí Bar Beach wà, tí wọ́n ṣe odi òkúta fún, ti gba VI sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbì. Mi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ebi iyanrìn ṣì ń pa òkun, ó ti sún síwájú. Ẹ bi àwọn ará Okun Alfa létíkun Lẹ́kí léèrè ibi tí ìlú wọn wà tẹ́lẹ̀.

Ìsàlẹ̀Èkó_Lawá

Tíṣà, ẹ má dà á sí Eko Atlantic lórí. Bí odi yẹn ò bá sí, òkun ì bá ti dé Ahmadu Bello Way, níbi tí àwọn báńkì wà.

Olùkọ́_Ojúọjọ́

Ohun tí mo sọ náà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ó gba àwọn báńkì. Okun Alfa ò ní báńkì.

Akẹ́rùwọlé_Tincan

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ omi bọ̀ látàárọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ti owó, nítorí owó ló ń gbé ọkùnrin yìí bọ̀.

Iṣẹ́ kíliárìnsì ni mò ń ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá, mo wà ní èbúté Tin Can báyìí. Ìjìnlẹ̀ omi lọ̀rọ̀ èbúté. Ojú ọ̀nà Àpápá jìn tó bíi mítà 13 ààbọ̀. Ti Lẹ́kí, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kìíní 2023, jẹ́ mítà 16 ààbọ̀. Mítà mẹ́ta yẹn ló fà á tí ọkọ̀ tó kó kọ̀ǹtẹ́nà rẹpẹtẹ fi lè wá tààrà. Tẹ́lẹ̀, Lomé ní Tógò tàbí ibòmíràn ló máa já a sí, kí ọkọ̀ kékeré tó wá kó tiwa bọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ni ilé ìfọpo Dáńgótè wà, tí wọ́n ṣe fún 650,000 àgbá lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì fi ń kó lọ, kì í ṣe torí atẹ́gùn òkun.

Ẹni tó bá rántí Àpápá ní 2019, 2020, ó mọ ohun tí mò ń sọ. Tírélà tò láti èbúté dé orí afárá, awakọ̀ ń sun abẹ́ ọkọ̀, ẹrù ń jẹrà. Wọ́n gbé ètò tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé ní 2021, ó dín díẹ̀. Reluwé tuntun Èkó sí Ìbàdàn náà dé inú èbúté Àpápá. Ṣùgbọ́n Lẹ́kí, ẹ gbọ́ o, reluwé kankan ò débẹ̀. Títì nìkan ni. Gbogbo kọ̀ǹtẹ́nà, gbogbo tánkà tó bá jáde níbẹ̀, títì kan náà tí ẹ máa gbà lọ ibi iṣẹ́ ni. Ọ̀nà etíkun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti VI ní 2024, tó ń lọ Kàlàbá, bíi 700 kìlómítà, yóò ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ má fi ìyẹn gbàlé.

Ọmọ_Ọ̀fà

Ẹ̀yin àgbà, Ìkòròdú ńkọ́? Àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀, ó ní òun máa bá mi wá yàrá méjì tí kò gọbọi, pé ọkọ̀ ojú omi wà tó ń sọdá sọ́hùn-ún.

Awakọ̀_Ojú_Ọ̀sà

Ọkọ̀ wà. Ìjẹ̀dẹ̀ lẹ máa ti wọ̀ ọ́, ẹ máa já ní Badore lẹ́yìn Ajáh. Lórí omi, kò le rárá. Ibi tó ti le ni lẹ́yìn tẹ́ẹ bá já: ẹ ṣì ní láti ti Badore jáde sí Ajáh, kẹ́ẹ tún wọkọ̀ lọ Ìbẹ̀jú. Lálẹ́ kò sọ́kọ̀, ìjọba ò gbà kí ọkọ̀ èrò rìn lórí ọ̀sà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru lè bo ojú omi láàárọ̀ débi pé a ò ní gbéra títí oòrùn á fi yọ. Ọ̀gá yín á gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan tún wà tí wọn ò tíì sọ. Ìkúnmi ti ẹ̀gbẹ́ Ìkòròdú kì í dúró de òjò Èkó. Ìsédò Ọ̀yán wà lókè lọ́nà Abẹ́òkúta, láti 1983. Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án, ìkẹwàá, tómi ẹ̀ kún jù, wọ́n á ṣí i. Omi á gba odò Ògùn sọ̀kalẹ̀ sórí Ìṣẹ́rí, Àgílítì ní Máìlì 12, Àjẹgúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdú, Májídùn. Oòrùn á máa ràn gan-an, omi á sì máa gun orí fèrèsé. Èmi fúnra mi ti fi ọkọ̀ ojú omi kó àga àti ẹní àwọn èèyàn láàárín àdúgbò tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà tẹ́lẹ̀. Inú Ìkòròdú gangan ga, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹ ṣáà béèrè ibi tí àbúrò bàbá yín ti ń wá ilé.

Àwa tá a wà lórí ọ̀sà ń fojú rí àsìkò. Tí òjò bá pọ̀, omi odò borí, iyọ̀ á dín nínú ọ̀sà, ewéko tó ń léfòó á wá bo ojú omi bẹẹrẹbẹ, á máa wé mọ́ ẹ́ńjìnnì wa. Láti bí 1984 ló ti ń yọ wá lẹ́nu. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á wọlé, iyọ̀ á pa á. Ẹja náà ń tẹ̀ lé e: àsìkò kan wà fún èpìyà àti ọbọ̀kún, àsìkò kan wà fún edé.

Ọmọ_Ẹ̀gùn_Màkókò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ ti àwọn tó ń fa iyanrìn. Iyanrìn tí wọ́n fi ń kún Lẹ́kí tí gbogbo yín ń sọ yìí, apá kan ẹ̀ abẹ́ ọ̀sà ló ti ń wá. Wọ́n á gbẹ́ ihò ńlá sílẹ̀ láàárín omi, omi á dàrú, àwọ̀n wa á ya lára páìpù wọn. Nígbà tí ẹ bá jẹ ẹja yíyan ní Yábà àti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, ọwọ́ ìyá wa ló ti wá o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pé ilé wa lórí omi ń ba ojú ìlú jẹ́ nìkan ni à ń gbọ́.

Injinia_Ojú_Àgbàrá

Òótọ́ lo sọ. Iyanrìn ilé mi náà wà nínú ẹ̀, kí n má purọ́.

ỌmọẸ̀pẹ́_Èkó

Látàárọ̀ tí mo ti ń kà á, ẹyọ ẹnì kan ò dárúkọ Ẹ̀pẹ́ fún ọkùnrin yìí. Ìlú mi lẹ fo, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń pe ara yín ní ọmọ Èkó.

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ wo máàpù tí ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó ní kẹ́ẹ ṣí. Apá òkè ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́ wà, lórí ilẹ̀ olókè. Ẹni tó bá ti gun Òkè Bálógun rí mọ̀ pé omi ò lè dúró níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà nìkan lẹ ò gbọ́dọ̀ gbà. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ẹlẹ́kọ̀ ní Ìbẹ̀jú, wọ́n ti fi kọnkéré tún ọ̀nà yẹn ṣe. Láàárọ̀, gbogbo ayé ń dorí kọ VI, ẹ̀yin ń dorí kọ Ìbẹ̀jú láti òdìkejì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajáh ò kàn yín. Ọjà Olúwo sì wà fún ẹja, ẹ máa rí ọbọ̀kún tó tóbi.

Màmá_Ìbejì_Ajáh

Ẹ ò sọ ti aya ẹ̀. Télọ̀ nílò oníbàárà tó ń ṣe òde lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Ṣé wọ́n ń dá aṣọ ẹbí ní Ẹ̀pẹ́ tó ti Ajáh?

ỌmọẸ̀pẹ́_Èkó

Màmá, a ń bá Ìjẹ̀bú pààlà, ẹ tún ń bi wá léèrè òde? 😄 Ojúde Ọba nìkan tó bọ́ télọ̀. Látọ̀dọ̀ wa dé Ìjẹ̀bú-Òde ò jìnnà.

Akẹ́rùwọlé_Tincan

Mo fara mọ́ Ẹ̀pẹ́, àmọ́ mo ní ohun kan sí i. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde yẹn ni tírélà Lẹ́kí tó ń lọ òkè ọya àti ìlà-oòrùn ń gbà. Bí èbúté ṣe ń kún sí i ni wọ́n á máa pọ̀ sí i. Kí ẹ má gba ilé tó kọjú sí títì, nítorí àwọn ọmọ àti nítorí ariwo òru. Àti pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń wọ́n sí i, ẹ tètè ṣe.

Ọmọ_Ọ̀fà

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ gan-an. Ìyàwó mi ti ka gbogbo ẹ̀, Ojúde Ọba ló mú un lọ́kàn ju gbogbo ọ̀rọ̀ gọ́tà lọ. A máa wá wo Ẹ̀pẹ́. Èwo ló dáa, kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àbí kí n dúró?

Injinia_Ojú_Àgbàrá

Ẹ dúró di oṣù kẹwàá. Ẹ wá ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, kí ilẹ̀ ṣì máa tutù. Bàtà róbà ni kẹ́ẹ wọ̀.

ỌmọẸ̀pẹ́_Èkó

Ẹ má gba inú Èkó wá rárá. Ẹ gba Ìbàdàn bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kẹ́ẹ já sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ tètè kúrò ní Ọ̀fà, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà. Kẹ́ẹ sì fi ajẹ́ntì yẹn sílẹ̀ ní Lẹ́kí tó wà.